Kànga Ẹ̀rọ Mẹ́ta ní Gúúsù Èkìtì: Bí Ohun Tó Wà Nísàlẹ̀ Ilẹ̀ Ṣe Ń Pinnu Omi Orí Rẹ̀

Ìlú tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ wà ní ìhà gúúsù Ìpínlẹ̀ Èkìtì, láàárín àwọn òkè olókùúta tó wà ní agbègbè Ìkẹ́rẹ́ àti Adó. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ṣáájú wa ṣì ń jẹun nídìí iṣẹ́ náà, ohun tí mo sì fẹ́ kí àkọsílẹ̀ yìí ṣe ni pé kó sọ ohun tí ilẹ̀ fi hàn, kì í ṣe pé kó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ilé ìwòsàn kékeré kan wà níbẹ̀ tí àwọn aboyún ìlú àti ti àwọn abúlé tó yí i ká ń lò. Kànga àfọwọ́gbẹ́ méjì ló ń fún un lómi. Láti oṣù Òkúdù títí dé Ọ̀wàrà kò sí ìṣòro, ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá ti wọlé, omi inú àwọn kànga náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fà, nígbà tí Ẹrẹ́nà bá sì fi dé, ẹrẹ̀ ló máa ń kù nísàlẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì a máa ra omi lọ́wọ́ àwọn tó ń fi ọkọ̀ gbé e kiri, àwọn ẹbí aláboyún a sì máa ru kéègì omi wá láti ilé kí wọ́n tó lè gbẹ̀bí fún èèyàn wọn.

Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú dáwó jọ, àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Èkó àti lókè òkun fi tiwọn kún un, wọ́n sì ní kí a gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sínú ọgbà ilé ìwòsàn náà. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́ kò rí omi rárá. Èkejì rí omi, ṣùgbọ́n omi náà kò ṣeé lò. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó ránṣẹ́ sí àwa tí a ń ṣe àyẹ̀wò ilẹ̀ àti òkúta. Owó tó kù kò lè gbẹ́ ju ẹyọ kan lọ, àwọn àgbà ìlú sì ti ń sọ ọ́ láàárín ara wọn pé ilẹ̀ ìlú àwọn kò ní omi.

Kí n tó sọ ohun tí a bá níbẹ̀, ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ nípa ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ Èkìtì, nítorí pé ibẹ̀ ni ìdáhùn wà, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwa oníṣẹ́ yìí máa ń fò kọjá.

Láti ojú ilẹ̀ dé àárín gbùngbùn ayé jẹ́ kìlómítà 6,371. Èèpo òde rẹ̀, tí í ṣe òkúta tó le, nípọn tó nǹkan bíi kìlómítà 30 sí 50 lábẹ́ àwọn ilẹ̀ ńlá bíi Áfíríkà. Lábẹ́ èèpo yìí ni ìpele kejì wà, èyí tó jìn dé nǹkan bíi kìlómítà 2,900. Òkúta ni òun náà, kò yọ́, ṣùgbọ́n ó gbóná débi pé ó ń ṣàn díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kókó ayé, tí irin pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀: apá òde kókó náà ti yọ́, apá inú rẹ̀ le gbagidi. Ooru tó ń ti inú lọ́hùn-ún jáde ló ń mú kí ìpele kejì máa ṣàn, ìṣàn yìí sì wà lára ohun tó ń mú kí àwọn ègé ńlá èèpo ayé máa rìn, ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ lọ́dún.

Ní nǹkan bíi 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, irú àwọn ègé bẹ́ẹ̀ kọlu ara wọn ní apá ibi tí a ń pè ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lónìí. Èèpo ayé ká jọ níbẹ̀, ó nípọn sí i, ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbóná, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì yọ́. Ohun tó yọ́ náà gòkè díẹ̀ nínú èèpo, ó tutù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì di gíránáìtì. Níbi tó gbóná jù, tí omi kò sì pọ̀ nínú òkúta, ohun mìíràn ló jáde, òkúta dúdú tó ní àwọ̀ ewé díẹ̀, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní charnockite. Méjèèjì wà ní agbègbè Ìkẹ́rẹ́ àti Adó, lọ́pọ̀ ibi wọ́n sì sún mọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn lè dúró sórí ọ̀kan kí ó máa wo èkejì.

Gbogbo wọn ni a ṣe lábẹ́ ilẹ̀ níbi tó jìn ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ kìlómítà. Ohun tó gbé wọn dé òkè ni pé òjò àti ọ̀gbàrá ń họ orí ilẹ̀ lọ fún àìmọye mílíọ̀nù ọdún, bí ẹrù sì ṣe ń kúrò lórí èèpo náà ni ìpele tó léfòó lé lórí ń gbé e sókè, bí ọkọ̀ ojú omi tí a ń sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ ṣe ń ga sí i lójú omi. Àwọn òkè bíi Olósùnta àti Òròlé ní Ìkẹ́rẹ́ kò hù jáde láti inú ilẹ̀ lójijì gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ṣe rò; ilẹ̀ tó bò wọ́n mọ́lẹ̀ ni a họ kúrò títí tí orí wọn fi yọ. Bí òkúta tí ẹrù wúwo ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ bá wá dé òkè tí ẹrù náà sì kúrò lórí rẹ̀, yóò sán. Àwọn ojú sísán wọ̀nyí, àti àwọn èyí tó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí ègé ayé ti ń kọlu ara wọn, ni òjò ń gbà wọlé. Omi òjò á máa jẹ òkúta náà díẹ̀díẹ̀. Feldspar, ọ̀kan lára àwọn èròjà tó para pọ̀ di òkúta náà, á di amọ̀; quartz, èròjà mìíràn tó le, á kù sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iyanrìn.

Nítorí náà, ẹni tó bá gbẹ́ ilẹ̀ ní Èkìtì yóò sábà kọ́kọ́ bá ilẹ̀ òkè àti yangí, lẹ́yìn náà òkúta tó ti rà, lẹ́yìn náà òkúta tó le ṣùgbọ́n tó ti sán, kó tó kan òkúta líle tí kò ní ojúhò kankan. Nínú òkúta líle yìí kò sí omi. Òkúta tó rà ni àwo tí omi òjò ń dúró sí, òkúta tó sán ni ọ̀nà tí omi náà ń gbà rìn dé inú kànga. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì kò bá sí, tàbí tí kò dára, kànga ẹ̀rọ kò ní pẹ́ já èèyàn kulẹ̀. Ìpele méjì yìí kì í nípọn bákan náà níbi méjì. Ní àárín ìlú kan náà, ó lè ju mítà 30 lọ lábẹ́ ilé kan, kí òkúta líle sì yọ orí jáde ní ẹ̀yìnkùlé aládùúgbò.

Èyí ni kò jẹ́ kí kànga àkọ́kọ́ rí omi. Wọ́n gbẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìwòsàn, níbi tó rọrùn láti gbé tánkì kalẹ̀ tí iná mànàmáná sì wà nítòsí. Kò sí ẹni tó yẹ ilẹ̀ náà wò. Ìdí kan ṣoṣo tí wọ́n fi gbà pé omi yóò wà níbẹ̀ ni pé ilé kan ní ìsàlẹ̀ òpópónà ní kànga àfọwọ́gbẹ́ tí kì í tètè gbẹ. Ilé ìwòsàn náà wà ní ìdí òkè gíránáìtì. Ẹ̀rọ ìgbẹ́lẹ̀ kò tíì lọ mítà 10 nísàlẹ̀ tó fi kan òkúta líle, láti ibẹ̀ lọ kìkì eruku funfun ló ń fẹ́ jáde. Wọ́n gbẹ́ ẹ kọjá mítà 60 nítorí pé wọ́n ń retí pé omi wà ní ìsàlẹ̀ sí i. Èrò tó wọ́pọ̀ nìyí, owó ńlá sì ti bá a lọ káàkiri Èkìtì. Nínú òkúta wa yìí, bí a bá ṣe ń jìn sí i ni ẹrù tó wà lókè ń pa ojú sísán dé. Ẹni tó bá ti wọ inú òkúta tí kò sán láti òkè, ìrètí rẹ̀ láti bá omi pàdé nísàlẹ̀ ń dín kù ni, kò pọ̀ sí i.

Kí wọ́n tó gbẹ́ kànga kejì, wọ́n pe àwọn tó ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò. Ìgbésẹ̀ tó dára ni, mo sì fẹ́ kí èyí hàn gbangba nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ń fi iná mànàmáná sínú ilẹ̀ láti ara ọ̀pá irin méjì, ó sì ń fi ọ̀pá méjì mìíràn tó wà láàárín wọn wọn bí ilẹ̀ ṣe dí iná náà lọ́nà tó. Bí a bá ṣe ń fa ọ̀pá òde jìnnà sí ara wọn ni iná náà ń gba ibi tó jinlẹ̀ sí i kọjá. Amọ̀ tútù ń gba iná kọjá láìṣòro. Òkúta líle tó gbẹ kì í fẹ́ gbà á rárá. Òkúta tó sán tí omi sì wà nínú rẹ̀ wà láàárín méjèèjì. Àwọn tó wá náà wọn ilẹ̀ ní ibi mélòó kan, wọ́n rí ibì kan ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ ìsàlẹ̀ ìlú tí òkúta tó rà ti nípọn ju ti gbogbo ibi yòókù lọ, tó sì ń gba iná dáadáa, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ibẹ̀ ni kí a gbẹ́. Ohun tí wọ́n wọ̀n tọ̀nà. Nígbà tí àwa náà padà wọ̀n ọ́n, ohun kan náà la rí.

Ọjọ́ tí wọ́n gbẹ́ ẹ, ìdùnnú ṣubú layọ̀. Ilẹ̀ rọ̀, ẹ̀rọ ìgbẹ́lẹ̀ sì wọlé láìsí wàhálà, omi jáde. Wọ́n ri páìpù sí i, wọ́n gbé pọ́ǹpù sínú rẹ̀. Nígbà tí pọ́ǹpù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, omi ẹlẹ́rẹ̀ tó dà bí ẹ̀kọ ṣíṣàn ló ń fà jáde, kò sì pẹ́ tí kò fi rí nǹkan fà mọ́. Wọ́n á dúró di ọjọ́ kejì kí omi tó padà gòkè nínú páìpù. Wọ́n fọ kànga náà léraléra, ẹrẹ̀ náà kò tán. Láàárín ìgbà díẹ̀ pọ́ǹpù náà jóná.

Nígbà tí a dé, ohun àkọ́kọ́ tí a béèrè ni pé níbo ni ilẹ̀ tí ẹ̀rọ gbẹ́ jáde wà. Wọ́n ti gbá èyí tó pọ̀ jù lọ kúrò, ṣùgbọ́n òkìtì kékeré kan ṣẹ́ kù lẹ́bàá ibẹ̀. A bu omi sí i, a fi ọwọ́ pò ó. Ó lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, ó ṣeé mọ, iyanrìn inú rẹ̀ kò tó nǹkan, àwọ̀ ewé àti dúdú sì wà lára àwọn ègé òkúta tí kò tíì rà tán. A rìn gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó lọ sí oko lọ, a bá àwọn òkúta roboto dúdú tó fọ́n káàkiri inú ilẹ̀ pupa, bí charnockite ṣe sábà máa ń yọ ní apá wa. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yí padà. Kì í ṣe gíránáìtì ló rà sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà. Charnockite ni, amọ̀ ló sì sábà máa ń rà sí. Amọ̀ lè mu omi púpọ̀ sínú, àní ju iyanrìn lọ, ṣùgbọ́n àwọn ojúhò inú rẹ̀ kéré débi pé kì í fẹ́ tú omi náà sílẹ̀. Ẹ̀rọ kò purọ́ nígbà tó ní ìpele tó nípọn tó sì tutù wà níbẹ̀. Ó kàn jẹ́ pé amọ̀ tó kún fún omi àti iyanrìn òkúta tó rà lè jọ ara wọn lójú ẹ̀rọ, ẹni tó ń ka nọ́ńbà rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ti mọ irú òkúta tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó tó túmọ̀ rẹ̀.

A ṣàlàyé èyí fún àwọn ìgbìmọ̀ ní gbọ̀ngàn ìlú, a sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí a kọ́kọ́ rìn gbogbo ilẹ̀ náà yẹ̀wò kí a tó tún na wáyà ẹ̀rọ àyẹ̀wò kankan. Kò rọrùn fún wọn. Wọ́n ti sanwó àyẹ̀wò lẹ́ẹ̀kan, wọn kò sì rí èrè rẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan dìde, ó béèrè pé bí a bá tún gbẹ́ ilẹ̀ jìn sí i, ṣé a ò ní kan iná, ṣebí omi gbígbóná ló ń jáde ní Ìkògòsì. Ìbéèrè gidi ni, ẹ̀rù náà sì wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn. Mo sọ fún un pé omi òjò ni omi Ìkògòsì. Ó gba inú pàlàpálá òkúta quartzite, tí quartz pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀, wọ ìsàlẹ̀ lọ, ooru inú ilẹ̀ mú un lọ́wọ́ọ́rọ́, ó sì gba ojú sísán mìíràn padà sókè. Kò sí òkè oníná lábẹ́ Èkìtì. Òkè Kamẹrúùnù ni èyí tó ṣì ń tú iná tó sún mọ́ wa jù. Ní ọ̀pọ̀ ibi láyé, ooru ilẹ̀ ń fi nǹkan bíi 25 sí 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius pọ̀ sí i ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan, ó sì sábà máa ń dín sí èyí ní àwọn ibi tí òkúta rẹ̀ ti gbó bíi tiwa. Ihò tó jìn jù lọ tí ọmọ ènìyàn tíì gbẹ́ lọ tààrà sísàlẹ̀, ní Kola ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, dé mítà 12,262 ní ọdún 1989, ooru ibẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 180, síbẹ̀ inú èèpo ayé náà ni ó ṣì wà. Kànga tiwa kò ní ju ọgọ́rin mítà lọ.

Bàbá kan tó jẹ́ tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tó sì jẹ́ alága ìgbìmọ̀, wá bi mí pé, "Ọmọ mi, bí kò bá sí ẹni tó tíì kọjá èèpo yẹn, báwo ni ẹ ṣe mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀?" Mo dá wọn lóhùn pé, "Ilẹ̀ ríri ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n, Bàbá." Bí ilẹ̀ bá mì níbì kan, ìmìtìtì náà á gba inú ayé kọjá, yóò yára nínú irú òkúta kan, yóò falẹ̀ nínú òmíràn, irú ìmìtìtì kan kì í sì í lè gba inú ohun tó ti yọ́ kọjá rárá. Láti inú àkọsílẹ̀ irú ìmìtìtì bẹ́ẹ̀ ni Richard Oldham ti fi hàn ní 1906 pé ayé ní kókó, tí Andrija Mohorovičić rí ibi tí èèpo ayé parí sí ní 1909, tí Inge Lehmann, obìnrin ará Denmark, sì fi mọ̀ ní 1936 pé kókó mìíràn wà nínú kókó náà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó fojú rí i. Wọ́n gba ìmìtìtì tó wọlé fúnra rẹ̀, bí àwa ṣe ń rán iná mànàmáná wọlé, wọ́n wo bó ṣe jáde, wọ́n sì fi ohun tí a ti mọ̀ nípa òkúta túmọ̀ rẹ̀. Bàbá náà dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Nígbà náà, àwọn tó wá ṣáájú yín ka lẹ́tà náà, wọn ò mọ ẹni tó kọ ọ́." N kò tíì gbọ́ ẹni tó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kànga kejì náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun ló bá wa sọ̀rọ̀ fún àwọn yòókù tí wọ́n fi gbà.

A bẹ̀rẹ̀ láti orí òkè. Gíránáìtì tó wà lókè ilé ìwòsàn náà ní ojú sísán tó gùn, tó sì tọ́, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn dojú kọ àríwá sí gúúsù. A fi kọ́ńpáàsì wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, a sì kọ wọ́n sílẹ̀. Lẹ́yìn náà a wo àwòrán ilẹ̀ náà láti òfuurufú lórí Google Earth, a sì rí i pé odò kékeré tó ń gba ẹ̀gbẹ́ ìlú kọjá ń wọ́ kiri ní gbogbo ibi àyàfi ní apá kan, níbi tó ti tọ́ tààrà gẹ́gẹ́ bí àwọn ojú sísán orí òkè ṣe dojú kọ. Omi kì í sábà tọ́ lórí ilẹ̀ tí kò bá sí ohun tó là á lọ́nà. Ibi tí odò náà ti tọ́ yìí sì ni ibi tí gíránáìtì àti charnockite ti pàdé, níwọ̀n bí a ṣe lè mọ̀ láti ara òkúta tó yọ sókè ní ìhà méjèèjì.

Ẹni tó jẹ́ kó dá wa lójú ni ọdẹ àgbà kan tí a mú dání. Nígbà tí a dé etí odò, tó ti gbẹ pátápátá nígbà náà, ó mú wa lọ síbì kan nínú ipa odò náà, ó ní ibẹ̀ ni òun máa ń gọ sí ní Ẹrẹ́nà, nítorí pé ẹran ń wá mu omi níbẹ̀ nígbà tí kò bá sí omi níbòmíràn. Ilẹ̀ ibẹ̀ tutù lóòótọ́. Ó wà lórí ìlà tí a ti fà sórí àwòrán. Mo rọ gbogbo ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí pé kí wọ́n wá ọdẹ, àgbẹ̀, tàbí obìnrin tó ń pọn omi ní àdúgbò náà kí wọ́n tó tú ẹ̀rọ sílẹ̀. Ohun tí wọ́n mọ̀ jẹ́ èso ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n ti fi wo ilẹ̀ kan náà ní àsìkò òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn.

Lẹ́yìn èyí ni a tó na wáyà, kì í ṣe sí ojú kan, bí kò ṣe ní ìlà tó dá ojú sísán náà kọjá, kí a lè rí ibi tó bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí. Ibi tí òkúta tó rà ti nípọn níwọ̀nba la yàn, kò tó ìdajì ti pẹ̀tẹ́lẹ̀ kànga kejì. Bó bá jẹ́ ìwé nìkan la wò, kò sí ẹni tí yóò yàn án. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ìpele yẹn jọ ti iyanrìn, kì í ṣe ti amọ̀, ohun tó sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kò dí iná lọ́nà tó bí òkúta líle ṣe yẹ kó dí i. Èyí ni àmì òkúta tó sán.

Ìṣòro kan yọjú. Ibi tí nọ́ńbà ti dára jù wà ní ìsàlẹ̀ ààtàn ìlú. Òkúta tó sán ń gbé omi yára, ó sì ń gbé ìdọ̀tí yára bákan náà, nítorí pé kò ní iyanrìn tàbí amọ̀ tó nípọn tí yóò sẹ́ omi náà. A tẹ̀ lé ìlà náà gòkè, a kọjá ààtàn, a sì jìnnà sí ṣáláńgá gbogbo ilé, a fara mọ́ ibi tí nọ́ńbà rẹ̀ kò dára tó ti ìsàlẹ̀. Ilẹ̀ ẹbí kan ni. Ìgbìmọ̀ lọ bá olórí ẹbí náà, wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó sì yọ̀ǹda ibẹ̀ níwájú Kábíyèsí, pẹ̀lú ìwé àdéhùn tí gbogbo wọn fọwọ́ sí.

Iṣẹ́ ìgbẹ́lẹ̀ náà bọ́ sí oṣù Ẹrẹ́nà, nítorí pé àwa la ní kó rí bẹ́ẹ̀. Kànga tó bá rí omi ní Ẹrẹ́nà ni a lè gbẹ́kẹ̀ lé. Èyí tí a gbẹ́ ní Ọ̀wẹ́wẹ̀ lè máa fa omi òjò tó wà lókè ilẹ̀. Ní gbogbo mítà kan tí ẹ̀rọ bá wọ̀, a ń bu ohun tó gbẹ́ jáde, a sì ń tò ó lẹ́sẹẹsẹ sórí tapólì. Ilẹ̀ pupa àti yangí ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà iyanrìn gbúngbùn-gbungbun tó ní quartz púpọ̀, tó sì tutù. Nígbà tó yá, òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í le, omi tó ń jáde kò tó nǹkan, ọ̀gá àwọn agbẹ́lẹ̀ sì ní kí a dúró. "Ọ̀gá, òkúta líle la ti wọ̀ yìí, bíi tàkọ́kọ́ náà ni." N kò dá a lẹ́bi. Owó tí wọ́n fún un kì í ṣe ti mítà, odidi iṣẹ́ ni, bó bá sì ṣe ń jìn sí i ni èrè rẹ̀ ń dín.

A pè é wá síbi tapólì. Nínú àwọn ègé tó jáde kẹ́yìn, àwọn kan ní àwọ̀ ìpẹtà ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ yòókù wọn sì funfun nini. Àwọ̀ ìpẹtà yẹn kì í wà nínú òkúta tí kò sán. Omi tó ń gba ojú sísán kọjá ló ń kùn ún sí ara òkúta, a jẹ́ pé a ti wà lẹ́bàá ọ̀nà omi. Ó wò ó dáadáa, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ẹ̀rọ fi ta gìrìgìrì tó sì rì sílẹ̀ lójijì, afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ náà sì tu omi sókè ju orí wa lọ. Ojú sísán kejì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn tí ìyẹn kọjá, eruku funfun padà dé, a sì dúró níbẹ̀, nítorí pé kò sí ìdí láti ná owó ìlú sínú òkúta líle mọ́.

A fi símẹ́ǹtì dí àyíká páìpù láti òkè wá kí omi ilẹ̀ má bàa rìn wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A fa omi náà láti àárọ̀ di àárọ̀ ọjọ́ kejì, a ń wọn bó ṣe ń lọ sílẹ̀, lẹ́yìn náà a pa pọ́ǹpù, a sì wọn bó ṣe ń padà. Ó mọ́, ó sì ń padà kíákíá. A gbé omi rẹ̀ lọ sí ilé àyẹ̀wò kí ẹnikẹ́ni tó mu ún. Àwọn ìgbìmọ̀ fẹ́ ra pọ́ǹpù ńlá tí yóò kún tánkì ní wákàtí kan. A kọ̀ fún wọn. Òkúta tó sán kì í tọ́jú omi púpọ̀, inú òkúta tó rà tó wà lókè rẹ̀ ni ó ti ń rí i gbà, bí a bá sì fà á ju bó ṣe ń wọlé lọ, yóò gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó burú. Pọ́ǹpù kékeré tí yóò máa ṣiṣẹ́ fún wákàtí púpọ̀ ni a ní kí wọ́n rà, wọ́n sì gbà. A di ihò àkọ́kọ́ pa kí ìdọ̀tí má bàa gba ibẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Ihò kejì ni a fi ìdérí dé, nọ́ọ̀sì àgbà sì ń wọn omi inú rẹ̀ àti ti ẹ̀kẹta lóṣooṣù, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé.

Fún àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Èkìtì, ohun tí mo mú kúrò níbẹ̀ ni pé ìpele tó nípọn jù kọ́ ni a ń wá, irú ohun tí òkúta rà sí ni. Ẹni tó bá ń lọ sí agbègbè tí charnockite wà gbọ́dọ̀ fura sí nọ́ńbà tó kéré jù, kí ó lọ wo òkúta ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà àti ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ jáde nínú kànga àfọwọ́gbẹ́ kó tó fọwọ́ sí ìwé. Níbi tí gíránáìtì wà, ojú sísán ni kí a lépa, a sì lè rí ibi tó dojú kọ lórí òkè kí a tó wá a lábẹ́ ilẹ̀. Mo sì rò pé ó yẹ kí ọ̀nà tí àwọn ìlú ń gbà kọ ìwé àdéhùn yí padà: kí owó àyẹ̀wò dá dúró lọ́tọ̀ sí owó ìgbẹ́lẹ̀, kí a máa san owó ìgbẹ́lẹ̀ ní mítà-mítà, kí ẹni tó ṣe àyẹ̀wò wà níbẹ̀ ní ọjọ́ tí a ń gbẹ́ ẹ, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé náà pé àwọn agbẹ́lẹ̀ kò gbọ́dọ̀ da ohun tí wọ́n bá gbẹ́ jáde nù títí tí a ó fi tò ó, tí a ó wò ó, tí a ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ láti mítà àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn.